Ìgbésí Ayé Alvin York, Sójà àti Baálé Ilé

Ìtàn tí a óò kà lónìí kì í ṣe ìtàn ọba, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìtàn ọlọ́rọ̀. Ìtàn àgbẹ̀ kan ni, ọmọ alágbẹ̀dẹ, tí ó lọ sí ogun láìfẹ́, tí ó ṣe ohun kan níbẹ̀ tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó padà sílé, ó fẹ́ ìyàwó, ó tọ́ ọmọ, ó kọ́ ilé-ìwé, ó jẹ gbèsè, ó dùbúlẹ̀ àìsàn, ó sì lọ bá àwọn bàbá rẹ̀. Alvin York ni orúkọ rẹ̀, ará Amẹ́ríkà ni.

Àwọn tí ó mọ orúkọ yìí, nítorí òwúrọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ wọn fi mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ó lo ọdún 45 sí i láyé lẹ́yìn tí ó ti ogun dé, òun fúnra rẹ̀ kò sì fẹ́ kí á fi òwúrọ̀ yẹn rántí òun. Ẹ jẹ́ kí á wo méjèèjì, òwúrọ̀ ọjọ́ kan náà àti ọdún 45 náà, kí á mọ èyí tí ó wúwo jù nínú wọn.

ILÉ TÍ A BÍ I SÍ

Ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 1887 ni a bí Alvin, ní abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Pall Mall, ní ìpínlẹ̀ Tennessee. Àárín òkè ni abúlé náà wà, odò kan tí ń jẹ́ Wolf ń ṣàn gba ibẹ̀ kọjá. Ilé onígi oníyàrá méjì ni àwọn òbí rẹ̀ ń gbé. William ni orúkọ bàbá, Mary ni orúkọ ìyá. Ọmọ 11 ni wọ́n bí, Alvin ni ó ṣe ìkẹta.

Àgbẹ̀ ni William, ó sì ń ṣe alágbẹ̀dẹ pẹ̀lú. Owó kò sí nílé. Ohun tí wọ́n bá gbìn ni wọ́n ń jẹ, ẹran tí wọ́n bá sì pa nínú igbó ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Nítorí èyí àwọn ọmọ kò ráyè lọ sí ilé-ìwé. Bí a bá ka gbogbo ọjọ́ tí Alvin jókòó níwájú olùkọ́, kò ju bí oṣù 9 lọ. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn o, ẹ̀yin ará, nítorí a óò tún padà bá a níwájú.

Ohun tí ó kọ́ dáadáa ni ìbọn yíyìn. Ní ilẹ̀ wọn, àwọn ọkùnrin a máa pàdé láti fi ìbọn díje. Wọn a so tòlótòló mọ́ ẹ̀yìn ìtì igi, orí rẹ̀ nìkan ni yóò máa yọ fìrí tí yóò sì tún fara pamọ́. Ẹni tí ó bá yìnbọn lù ú lórí ni ó ni ín. Alvin a máa gbé tòlótòló lọ sílé.

ỌMỌ ONÍNÀÁKÚNÀÁ

Ní ọdún 1911 bàbá wọn kú. Àwọn ẹ̀gbọ́n Alvin méjèèjì ti gbéyàwó, wọ́n ti kúrò nílé. Ẹrù ìyá àti ti àwọn àbúrò sì bọ́ sí ọrùn Alvin. Ó ń ṣiṣẹ́, irọ́ kọ́: ó ń roko, ó ń ṣe alágbẹ̀dẹ, ó ń ṣe lébìrà níbi tí wọ́n ti ń la ọ̀nà. Ṣùgbọ́n tí ó bá di òpin ọ̀sẹ̀, owó tí ó gbà, ilé ọtí ni ó ń bá a lọ. Àwọn ilé ọtí kan wà ní ààlà Tennessee àti Kentucky. Ibẹ̀ ni Alvin àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń mutí, tí wọ́n ń ta tẹ́tẹ́, tí wọ́n sì ń jà.

Ìyá rẹ̀ kì í sùn títí yóò fi wọlé. Àwa tí a ti tọ́ ọmọ ọkùnrin rí mọ irú òru bẹ́ẹ̀. Ìyá a jókòó, etí rẹ̀ a wà lójú ọ̀nà, bí ajá bá gbó, àyà rẹ̀ a já. Mary bẹ ọmọ rẹ̀ títí, ó sọkún sí i lọ́rùn, ó gbàdúrà. Nígbà tí ó ṣe, wọ́n pa ọ̀rẹ́ Alvin kan nínú ìjà ilé ọtí. Ọ̀rọ̀ náà bá Alvin lójijì, ó rí i pé òkú òun náà ni ìyá òun ì bá máa sin yẹn.

Ìsọjí kan wáyé ní abúlé wọn bí ọdún 1914 ti ń parí lọ. Alvin lọ, ó gbọ́ ìwàásù, ó yí padà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1915 kò mutí mọ́, kò ta tẹ́tẹ́ mọ́, kò jà mọ́. Ìjọ kékeré kan tí ń jẹ́ Church of Christ in Christian Union ni ó dara pọ̀ mọ́. Ó di alàgbà níbẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, òun ni ó sì ń dá orin. Ìjọ náà kò fi ìwà ipá ṣeré rárá. Wọ́n gbà pé onígbàgbọ́ kò gbọdọ̀ pa ènìyàn, ì báà ṣe lójú ogun.

Ní àkókò yìí kan náà ni ojú rẹ̀ wà lára ọmọbìnrin aládùúgbò wọn kan, Gracie Williams. Ó fi ọdún 12 ju Gracie lọ, ọ̀rọ̀ náà kò sì kọ́kọ́ rọrùn. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ti fún ara wọn ní ìlérí.

ÌWÉ ÌPÈ DÉ

Ọdún 1917 ni Amẹ́ríkà wọ Ogun Àgbáyé Kìíní, èyí tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ní 1914. Ogun náà kò ṣàjèjì sí àwa náà níbí. Ìjọba Faransé ń fi tipá kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin láti Dahomey lọ jà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Kétu àti Ṣábẹ ni ó fi ilé àti oko sílẹ̀, tí wọ́n sá kọjá ààlà sí ọ̀dọ̀ àwọn ìbátan wọn ní Nàìjíríà. Nítorí náà bí a bá gbọ́ pé ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà kò fẹ́ lọ sógun, kí á má ṣe pè é ní ojo.

Ìwé ìpè dé ọ̀dọ̀ Alvin ní oṣù Kẹfà ọdún 1917. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí: Pásítọ̀ ìjọ rẹ̀, Rosier Pile, ni ó ń tajà ní abúlé, òun náà ni ó sì wà nídìí iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́. Alvin kọ ọ́ sínú ìwé pé òun kò fẹ́ jà. Ó bẹ ìjọba pé kí wọ́n yọ òun sílẹ̀ nítorí ìgbàgbọ́ òun. Ìjọba kọ̀. Wọ́n ní ìjọ rẹ̀ kò ní ìwé òfin kankan yàtọ̀ sí Bíbélì, bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo ènìyàn ni ó ń ka Bíbélì bó ti yé e. Ó tún bẹ̀bẹ̀, wọ́n tún kọ̀. Ní oṣù Kọkànlá wọ́n mú un wọ iṣẹ́ sójà, ó di ará àgọ́ Camp Gordon ní Georgia. Lẹ́yìn náà wọ́n fi í sínú ẹgbẹ́ ọmọ-ogun tí ń jẹ́ 328th Infantry.

Ní àgọ́ náà, àwọn ọ̀gá rí i pé ọkùnrin onírun pupa yìí mọ ìbọn yìn ju gbogbo wọn lọ. Síbẹ̀ kò fẹ́ yin ín sí ènìyàn. Ọkàn rẹ̀ pín sí méjì. Ó fẹ́ràn ilẹ̀ rẹ̀, kò fẹ́ ṣe àìgbọràn sí ìjọba. Ó sì bẹ̀rù Ọlọ́run, kò fẹ́ tàjẹ̀sílẹ̀. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ọ̀gá rẹ̀, Captain Danforth. Danforth sì mú un lọ bá ọ̀gá àgbà, Major Buxton.

Wọn ì bá ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọn ì bá ti tì í mọ́lé. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n jókòó tì í, wọ́n ṣí Bíbélì. Alvin tọ́ka sí òfin tí ó ní kí á má pànìyàn, àti ìwàásù Jésù lórí òkè. Buxton tọ́ka sí ibi tí Jésù ti ní kí ẹni tí kò ní idà ta aṣọ rẹ̀ kí ó fi rà á, àti ibi tí ó ti sọ nípa ohun tí ó tọ́ sí Késárì. Wọ́n ka Ìsíkíẹ́lì orí 33 pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ olùṣọ́ tí ó rí idà tí ń bọ̀ tí kò fun fèrè. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí kò yé Alvin tán síbẹ̀, wọ́n fún un ní ọjọ́ 10 kí ó lọ sílé lọ rò ó.

Ó dé ilé. Pásítọ̀ àti àwọn ará ìjọ ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má padà. Ìyá rẹ̀ ń sọkún. Alvin gun orí òkè lọ, ó dá wà níbẹ̀, ó gbàdúrà tọ̀sán tòru. Nígbà tí ó sọ̀ kalẹ̀, ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun óò lọ, òun óò sì padà láàyè. Ẹ̀yin ará, èmi kò kọ èyí láti fi dá ẹjọ́ ogun. Onígbàgbọ́ mìíràn gun irú òkè bẹ́ẹ̀ ó sì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìdáhùn mìíràn. Ohun tí mo fẹ́ kí á rí ni pé ọkùnrin yìí kò fi ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ènìyàn ṣe eré. Ó wádìí rẹ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run kí ó tó gbé ẹsẹ̀.

ÒWÚRỌ̀ ỌJỌ́ KAN

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1918 ni wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Yúróòpù. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá wọ́n wà nínú igbó Argonne ní ilẹ̀ Faransé, lẹ́bàá abúlé Châtel-Chéhéry. Àfonífojì ni wọ́n fẹ́ là kọjá. Àwọn Jámánì wà lórí òkè, ìbọn arọ̀jò-ọta wọn ń gé àwọn sójà Amẹ́ríkà lulẹ̀ bí ẹni ń gé koríko. Wọ́n rán ènìyàn 17 pé kí wọ́n yí gba ẹ̀yìn lọ pa ẹnu ìbọn náà mọ́. Sergeant Bernard Early ni olórí wọn. Alvin, tí ó jẹ́ kọ́pùrà nígbà náà, wà lára wọn.

Wọ́n yọ sí ẹgbẹ́ Jámánì kan lẹ́yìn, àwọn yẹn ń jẹun àárọ̀ lọ́wọ́, wọ́n juwọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó wà lórí òkè rí wọn, wọ́n yí ẹnu ìbọn padà sí wọn. Kí á tó ṣẹ́jú, ara Amẹ́ríkà 6 ti kú, 3 ti fara gbọgbẹ́, Early alára wà nínú àwọn tí ó gbọgbẹ́. Alvin àti sójà 7 ni ó kù, Alvin ni ó sì di olórí.

Ó wà ní gbangba, kò rí ibi sá sí. Ìgbàkígbà tí Jámánì kan bá yọ orí, Alvin a yìnbọn. Ohun tí ó ti ń ṣe láti kékeré ni, àfi pé kì í ṣe tòlótòló mọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn 6 sáré wá bá a, ọ̀bẹ wà ní ẹnu ìbọn wọn. Ó fa ìbọn ìléwọ́ yọ, ó ti ọ̀dọ̀ ẹni ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀, ó wá síwájú, kí àwọn ti iwájú má bàa mọ̀ pé ẹ̀yìn wọn ń ṣubú. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọdẹ ilé wọn ti ń pa agbo tòlótòló. Gbogbo ìgbà tí ó ń yìnbọn yìí ni ó ń ké sí àwọn tó kù pé kí wọ́n juwọ́ sílẹ̀, nítorí kò fẹ́ pa ju èyí tí ó di dandan lọ.

Ọ̀gá Jámánì kan, Lieutenant Vollmer, tí ó gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti bàjẹ́. Ó gbà láti pe àwọn ènìyàn rẹ̀ pé kí wọ́n jọ̀wọ́ ara wọn. Alvin tò wọ́n, ó ń kó wọn lọ, ó sì ń bá àwọn mìíràn pàdé lójú ọ̀nà, àwọn yẹn náà ń juwọ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn wọn tí wọ́n kà wọ́n, 132 ni. Àwọn tí ó kú ní ọwọ́ Alvin ju 20 lọ.

Kí á sọ òtítọ́: kì í ṣe òun nìkan ni ó wà níbẹ̀. Àwọn sójà 7 tí ó kù ń ṣọ́ àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ mú, àwọn kan nínú wọn sì ráhùn lẹ́yìn náà pé a gbàgbé ipa ti àwọn. Wọn kò jẹ̀bi láti ráhùn. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá ròkè, àwọn kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n gbé e.

Ní ọjọ́ kejì Alvin gba àyè padà lọ sí ibẹ̀, bóyá ẹnì kan ṣì wà láàyè tí a lè gbé. Kò bá alààyè kankan. Ó dúró níbẹ̀, ó gbàdúrà fún àwọn òkú, ti Amẹ́ríkà àti ti Jámánì pẹ̀lú.

Wọ́n sọ ọ́ di sájẹ́ntì. Amẹ́ríkà fún un ní Medal of Honor, àmì ẹ̀yẹ tí ó ga jù lọ tí sójà lè gbà níbẹ̀. Faransé náà fún un ní tiwọn, Marshal Foch fúnra rẹ̀ sì yẹ́ ẹ sí.

OJÀ TÍ KÒ TÀ

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1919 ọkọ̀ rẹ̀ gúnlẹ̀ ní New York. Ariwo sọ. Èrò kún títì, ilé aṣòfin ní Washington dìde dúró fún un. Wọ́n bi í ní ohun tí ó fẹ́ rí, ó ní kí wọ́n fi ọkọ̀ ojú irin tí ń gba abẹ́ ilẹ̀ han òun. Lẹ́yìn ìyẹn, ilé ni ó ń bèèrè.

Ibẹ̀ gan-an ni àwọn olówó ti pàdé rẹ̀. Oníṣẹ́ sinimá dé, oníṣẹ́ ìtàgé dé, àwọn tí ó fẹ́ kí ó fi orúkọ rẹ̀ polówó ọjà dé. Owó tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀, àgbẹ̀ ilẹ̀ rẹ̀ kò lè fi gbogbo ayé rẹ̀ rí i. Alvin kọ gbogbo rẹ̀. Ó ní ohun tí òun ṣe lójú ogun kì í ṣe ohun títà. Ẹ̀mí ènìyàn wà nínú rẹ̀, òun kò lè fi í ṣòwò.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ níbí. Ọkùnrin yìí kò ní ilé, kò ní ilẹ̀, ìyá opó ń dúró dè é, ọmọbìnrin kan ń dúró dè é. Ebi kò jìnnà sí ilẹ̀kùn wọn. Ta ni nínú wa tí kò ní wí pé Ọlọ́run ló pèsè é? Ṣùgbọ́n Alvin mọ ìyàtọ̀ láàrin owó tí Ọlọ́run pèsè àti owó tí ń ra ènìyàn.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà ọdún 1919 ó gbé Gracie níyàwó. Gómìnà Tennessee fúnra rẹ̀ ni ó so wọ́n pọ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì wá wòran. Àwọn ẹgbẹ́ Rotary ti Nashville ṣètò láti ra oko ńlá kan fún un, bí 400 éékà. Oko náà dára, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò pé. Alvin gba oko àti gbèsè rẹ̀ pọ̀. Ní ọdún 1921 iye tí wọ́n ń ra irè oko já wálẹ̀, gbèsè sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ará ìlú ni wọ́n dáwó tí wọ́n fi gbà á là.

ILÉ-ÌWÉ ÀTI ỌMỌ

Àwọn ọmọ ń dé. Àwọn kan kú lọ́mọ-ọwọ́, wọ́n sì tọ́ 8 dàgbà. Ẹ wo orúkọ tí ó sọ ọ̀kan nínú wọn: orúkọ Major Buxton ni, ọ̀gá tí ó ṣí Bíbélì fún un ní àgọ́. Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ, Alvin kò sì gbàgbé ẹni tí ó bá a sọ̀rọ̀ bí ènìyàn ní ọjọ́ ìdààmú.

Nísinsìnyí ẹ rántí oṣù 9 tí ó lò ní ilé-ìwé. Nígbà tí Alvin rìn dé ìlú ńlá tí ó rí ayé, ojú tì í fún ohun tí kò mọ̀. Ó bojú wo àwọn ọmọ òkè tirẹ̀, ó rí i pé bí òun ti rí ni àwọn náà yóò rí. Ó pinnu pé èyí kò ní ṣẹlẹ̀ lójú òun. Ó ń rìn kiri ìlú Amẹ́ríkà, ó ń tọrọ owó fún ilé-ìwé. Ìtàn ogun ni àwọn èrò fẹ́ gbọ́, ilé-ìwé ni òun ń sọ. Ó bẹ ìjọba pé kí wọ́n la ọ̀nà dé òkè wọn, wọ́n là á.

Ní ọdún 1926 ilé-ìwé náà bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Jamestown. Ibi tí wọn óò kọ́ ọ sí di ìjà láàrin òun àti àwọn alágbára àgbègbè náà. Owó ìjọba kì í tètè dé. Nígbà tí owó olùkọ́ kò sí, tí ọkọ̀ tí yóò kó àwọn ọmọ wá kò sí, Alvin fi oko ara rẹ̀ ṣe ìdógò, ó yá owó, ó san án. Oko tí ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ ń jẹ níbẹ̀ o! Gracie bá a gbé e. Nínú gbogbo ìtàn yìí, orúkọ Gracie kò pọ̀ lẹ́nu ayé. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń dáná fún àlejò tí kì í tán nílé? Ta ni ó ń tọ́jú ọmọ nígbà tí bàbá bá ń rìnrìn àjò? Bí a bá yin ọkùnrin náà, kí á má gbàgbé obìnrin náà.

Ní 1936 wọ́n yọ Alvin kúrò ní ipò olórí ilé-ìwé tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀. Ó dùn ún. Ní 1937 ìjọba ìpínlẹ̀ gbà á pátápátá. Kò fi ìbínú wó o. Ilé-ìwé náà wà títí di òní, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì ń pè é.

SINIMÁ ÀTI GBÈSÈ

Ọdún 20 ni ó fi kọ̀ kí wọ́n má fi òun ṣe sinimá. Nígbà tí ogun kejì bẹ̀rẹ̀ ní Yúróòpù, ó gbà nígbẹ̀yìn, nítorí ó fẹ́ kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì ní abúlé rẹ̀. Sinimá náà jáde ní 1941, Gary Cooper ni ó ṣe bí Alvin. Kò sí sinimá tí ó pa owó jù ú lọ ní Amẹ́ríkà lọ́dún náà. Owó wọlé fún Alvin, ó sì ń fi í kọ́lé-ẹ̀kọ́, ó ń fi í fún ẹni tí ó bá bèèrè.

Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ ogun náà, ó tún fẹ́ lọ. Ó ti lé ní ẹni ọdún 50, ara rẹ̀ kò gbà mọ́. Wọ́n ní kí ó máa lọ sí àgọ́ káàkiri láti gba àwọn ọ̀dọ́ sójà níyànjú. Òun náà ni olórí àwọn tí ń pe ọ̀dọ́ sí iṣẹ́ sójà ní àgbègbè rẹ̀. Ẹni tí ó kọ ọ́ sí ìwé nígbà kan pé òun kò fẹ́ jà, òun ni ó wá ń pe ọmọ ọlọ́mọ. Ayé a máa yí báyìí.

Níbí ni mo ní láti sọ àṣìṣe rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ là, ṣùgbọ́n kò mọ ìwé owó. Ó ń fúnni, kò kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn agbowó-orí ìjọba wá ka owó sinimá náà sí i lọ́rùn. Èlé gun orí gbèsè, títí ó fi di dọ́là 172,000. Àgbẹ̀ kan tí ó ti ná gbogbo rẹ̀ tán fún ẹlòmíràn, níbo ni yóò ti rí i? Ọ̀rọ̀ yìí ni ó ń gbé sùn, tí ó ń gbé jí.

Ní 1954 àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Ẹni tí ó kó ènìyàn 132 lẹ́rú ní òwúrọ̀ kan kò lè dá dìde lórí ibùsùn mọ́. Bí ọdún 10 ni ó fi wà bẹ́ẹ̀. Gracie ni ó ń tọ́jú rẹ̀, ó ń bọ́ ọ, ó ń yí i. Ìlérí tí wọ́n ṣe nígbà tí ara le ni ó ń san padà nígbà tí ara kò le mọ́.

Ní ọdún 1961 ìjọba gbà pé kí wọ́n san dọ́là 25,000 kí ọ̀rọ̀ owó-orí náà tán. Àwọn aṣòfin méjì, Sam Rayburn àti Joe Evins, ṣe agbátẹrù, àwọn ará ìlú dáwó, owó náà sì kọjá iye tí wọ́n ń wá. Bí wọ́n ti dáwó gba oko rẹ̀ ní 1921, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tún ṣe. Ẹni tí ó da omi síwájú ni ó tẹ ilẹ̀ tútù.

IKÚ RẸ̀

Alvin York sùn ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1964, ní ilé ìwòsàn àwọn sójà àtijọ́ ní Nashville. Ẹni ọdún 76 ni. Wọ́n gbé e padà sí Pall Mall, wọ́n sin ín sí itẹ́ òkú tí ó wà lẹ́bàá odò Wolf, èrò púpọ̀ sì péjọ. Ní ọdún 1984 Gracie náà kú, wọ́n tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀.

Àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ́rìí pé bàbá àwọn kì í sábà sọ ìtàn ogun nílé. Ohun tí ó fẹ́ kí á fi rántí òun ni ilé-ìwé náà.

Ẹ̀KỌ́ FÚN WA

Èkínní, fún ẹ̀yin ìyá: ẹ má dákẹ́ àdúrà lórí ọmọ tí ó wà nílé ọtí. Mary kò mọ ọjọ́ tí Alvin yóò yí padà, ṣùgbọ́n kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Èkejì, fún ẹ̀yin ọ̀gá àti alàgbà: bí ẹni tí ó wà lábẹ́ yín bá mú ìdààmú ọkàn wá, ẹ jókòó tì í. Òru kan tí Buxton fi bá sójà rẹ̀ sọ̀rọ̀, ọmọ kan jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kì í ṣe gbogbo ohun tí a bá rí ra ni ó yẹ ní títà. Orúkọ ń bẹ níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń bẹ níbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin tí ọwọ́ yín là, ẹ kọ ohun tí ẹ fún ènìyàn sílẹ̀, ẹ sì san ti ìjọba lákòókò. Ìfẹ́ kò ní kí á má mọ ìṣirò. Ìyàwó àti ọmọ ni ìyà àìmọ̀ ìṣirò ń jẹ.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ̀yin baálé ilé: iṣẹ́ ńlá kan lè ṣẹlẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kí ayé gbọ́. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ọmọ, owó ilé-ìwé, sùúrù pẹ̀lú aya, ojoojúmọ́ ni. Ogun Alvin kò gba ọjọ́ kan. Ilé rẹ̀ gba ọdún 45, èyí ni ó sì wúwo jù.

Kí Ọlọ́run bá wa tu gbogbo opó sójà nínú. Kí ó má jẹ́ kí ìwé ìpè ogun tún wọ ilé wa mọ́. Kí ó fún àwọn bàbá ní ọkàn láti dúró ti ilé wọn dé òpin. Àmín.